Ẹ má gbé eéran sínú oòrùn, ẹ má sì fi èso rẹ̀ wo àtọ̀gbẹ

Láàárín oṣù méjì yìí, èèyàn mẹ́rin ló ti pè mí pé eéran tí àwọn rà lọ́gbà mi ti kú. Ibi tí wọ́n gbìn ín sí ni mo kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹnì kan ní iwájú ilé ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, níbi tí oòrùn ti ń ta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kejì gbé e sínú ìkòkò òdòdó lórí bákónì. Àwọn méjì tó kù gé igi tó ṣíji bò ó, wọ́n ní kí ó lè rí afẹ́fẹ́. Eéran, ọmọ abẹ́ igi ńlá!

Mi ò ní sọ bí ewé náà ṣe rí. Ẹni tó bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín tàbí ìrẹsì ọ̀fàdà inú ewé ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ohun gígùn tí ẹ ń rí lókè, tó lè ga ju géńdé ọkùnrin lọ, kì í ṣe igi eéran, ọwọ́ ewé lásán ni. Igi rẹ̀ gan-an ń wọ́ lábẹ́ ilẹ̀ bíi ti atalẹ̀, oríkèé sí oríkèé, ewé kọ̀ọ̀kan ló sì ń ti ara oríkèé jáde. Ewé lè gbẹ, kí wọ́n gé e, kí ó jẹrà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ní dẹ́kun ìrìn rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Eéran tó kún ilẹ̀ tó yàrá kan lábẹ́ kòkó lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Ewé tuntun máa ń yọ ní kíká bí ẹní. Ẹ má fọwọ́ kan èyí, mo bẹ̀ yín. Àwọn ìyá tó ń já ewé ní oko kòkó níhà Òǹdó mọ̀ bẹ́ẹ̀: èyí tó ti tẹ́ ni wọ́n ń mú, wọ́n á fi èyí tó ká sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi àdá gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ nígbà kan náà, àwọn mìíràn sì ń fín oògùn apakoríko sábẹ́ kòkó, wọ́n á tún wá máa bèèrè ìdí tí ewé fi wọ́n lọ́jà.

Nígbà míì tí ẹ bá mú ewé eéran dání, ẹ wo ibi tí ewé ti pàdé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ó rí kókó kan tó wú díẹ̀, tó gùn bí ìka ọwọ́ ọmọdé. Orúnkún ewé nìyẹn. Òun ni ewé fi ń yí ojú rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bá ti yọ́ wọlé láàárín ẹ̀ka igi. Irú nǹkan tó ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri báyìí lẹ wá gbé síwájú oòrùn ọ̀sán. Etí rẹ̀ á ká, á pọ́n, á gbẹ bí ìwé tí iná rà. Omi tí ẹ ń bu sí i lójoojúmọ́ kò lè tún un ṣe. Òjìji ni ó fẹ́, àti ilẹ̀ tí ewé jíjẹrà bò.

Òdòdó rẹ̀ kì í gòkè. Ìsàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ló ti ń tanná, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá ló pọ̀ jù. Inú òdòdó kọ̀ọ̀kan dà bí tàkúté tí wọ́n dẹ: kòkòrò á fara kàn án, òdòdó náà á ta pàrà, kò sì tún ní dẹ mọ́ láéláé. Nígbà tó bá di oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, ẹ ó bá èso pupa onígun mẹ́ta nínú ewé tó ti já sílẹ̀. Kóró dúdú líle ló wà nínú rẹ̀, ohun rírọ̀ kékeré tó so mọ́ kóró ló gbé adùn dání. Dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, Thaumatococcus daniellii. Ní 1972 ni àwọn onímọ̀ ní Netherlands yọ adùn náà sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní thaumatin. Ó fi ìlọ́po 2,000 sí 3,000 dùn ju ṣúgà lọ. Ẹ má ṣì í mú fún àgbáyun o, èso mìíràn nìyẹn. Àgbáyun fúnra rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ohun kíkan ni ó ń sọ di dídùn lẹ́nu.

Adùn yìí ni àwọn onírọ́ ń fi tan àwọn aláìsàn.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé ike áísìkiriìmù wá sọ́gbà mi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó èso eéran kún un. Dádì mi ló ń lò ó fún àtọ̀gbẹ." Ó ní ẹnì kan tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ èrò ló ta ìgò kan fún wọn, omi èso eéran pọ́ńbélé. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti pa oògùn dókítà tì. Ìgò yẹn ti ń tán, egbò kan sì wà lẹ́sẹ̀ wọn tí kò fẹ́ jinná.

Mo ní kó fún mi ní ìgò náà. Mo kán an sórí ìka, mo fi kan ahọ́n. Ojú ẹsẹ̀ ló dùn, kò sì pẹ́ tó fi lọ. Iṣẹ́ mi ni èyí, ẹnikẹ́ni ò lè fi ayédèrú eéran tàn mí. Adùn eéran kì í yá dé. Ẹ ó kọ́kọ́ rò pé kò sí nǹkan lẹ́nu yín, lẹ́yìn náà ni yóò rọra gòkè, kò sì ní fẹ́ kúrò mọ́. Mo la èso kan fún ọmọ náà kí ó tọ́ ọ wò. Ó dúró, ó ń retí. Nígbà tí adùn náà dé, ó wo ìgò ọwọ́ mi, ó sì bú sẹ́kún. Ṣúgà ni bàbá rẹ̀ ti ń mu.

Bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó èso eéran ni, adùn tí kì í ṣe ṣúgà lásán ni. Kò lè lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì lè gba ipò oògùn dókítà. Mo ní kí ó gbé bàbá lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i. Bàbá dé ibẹ̀ láàyè, wọ́n sì ń lo oògùn wọn dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà gé ìka ẹsẹ̀ wọn méjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ èrò, mo sì tún gbọ́ ìpolówó ìgò bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún àwọn èrò. Èèyàn méjì dá owó wọn padà sápò.