Gọ́ọ̀mù pákó tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi èbà tútù lẹ ìwé tó ya rí nígbà tẹ́ ẹ wà ní pámárì, ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹ̀gẹ́ lẹ àga àti tábìlì pọ̀ ní Amẹ́ríkà láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn? Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo mọ̀ ọ́n.

Láyé ìgbà yẹn, ara ẹran ni gọ́ọ̀mù káfíńtà ti ń wá, wọ́n á se awọ, egungun àti pátákò màlúù títí á fi yọ́ (ẹni tó bá ti se pọ̀nmọ́ rí mọ bí omi ẹ̀ ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́). Irú ẹ̀ ni wọ́n lò ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, lọ́dún 1905 tí wọ́n fi igi Douglas fir ṣe plywood (ìyẹn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ léra wọn) fún àfihàn ọjà ńlá kan, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé ni wọ́n fi ń pa á sára pákó. Ó ń lẹ̀ o, àmọ́ òórùn ẹ̀ ò ṣe é gbà mọ́ra.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Frank Perkins ló wá fojú sí sítáàṣì ẹ̀gẹ́. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé sítáàṣì máa ń mu omi jù, kó tó rọ̀ débi tó ṣe é pa, omi ẹ̀ ti pọ̀ débi pé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá pa á sí máa wú, á sì lọ́. Perkins kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí sítáàṣì yẹn kó má baà mu omi tó bẹ́ẹ̀ mọ́, tí ìwọ̀n omi mẹ́ta tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ fi lè tó ìwọ̀n sítáàṣì kan, ó wá fi kọ́sítíìkì sódà pò ó. Ọdún 1912 ni ìjọba fún un ní páténtì, ìyẹn ìwé àṣẹ pé òun ló ni ọ̀nà yẹn. Ó wá fẹ́ gbà á débi pé gbogbo gọ́ọ̀mù sítáàṣì tó bá ti dáa tó ti ẹran, tiẹ̀ ni, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1928, wọ́n ní rárá, kò lè gba ohun tí kò tíì ṣe mọ́ tiẹ̀. Mo rò pé ìdájọ́ yẹn dáa, torí ọ̀nà tẹ́nì kan gbà ṣe nǹkan ló lè jẹ́ tiẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà tó kù.

Ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, I. F. Laucks gbé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe jáde láàárín ọdún 1920 sí 1930, òun làwọn tó ń ṣe plywood lápá ibẹ̀ gbá mú, ó pọ̀, kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí òjò bá pa pákó ẹ̀ títí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìpele ìpele. Ìyẹn ló jẹ́ kí gọ́ọ̀mù kẹ́míkà borí, James Nevin ṣe èyí tí omi ò lè ṣe nǹkan kan fún lọ́dún 1934, nígbà tó sì yá, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ formaldehyde ṣe gba gbogbo ọjà tán. Ohun tó máa ń ta yín lójú bí ata tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tuntun, formaldehyde ló sábà máa ń jẹ́, lọ́dún 2004 sì ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Oregon yẹn náà ni nǹkan ti tún yí padà. Kaichang Li, olùkọ́ ní Oregon State University, rí àwọn ẹran inú ìkarahun tí wọ́n ń pè ní mussel létí òkun, ìgbì ń gbá wọn tagbára tagbára, wọn ò ṣí lára òkúta. Purotéènì tí wọ́n fi ń dì mọ́ òkúta ló wò kó tó padà sídìí sóyà, ó wá ọ̀nà tí purotéènì sóyà náà á fi máa dì mú bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Columbia Forest Products bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe plywood lọ́dún 2005, nígbà tó sì di 2007, ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ torí ẹ̀. Kì í ṣe sóyà nìkan ló wà níbẹ̀ ṣá o, wọ́n po kẹ́míkà díẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí kì í jẹ́ kí tíṣù fà ya tí omi bá kàn án.