Àṣẹ ìránṣẹ́ ni OAuth, ẹ yéé pè é ní kọ́kọ́rọ́

Ẹni tó bá ti gbìyànjú rí láti so script, ètò kékeré tí a fi Python tàbí PowerShell kọ, mọ́ ètò ìṣirò owó bíi Xero tàbí QuickBooks Online mọ ibi tí wàhálà wà. Kíka invoice jáde kò le, ṣíṣírò iye tí àwọn oníbàárà jẹ kò le. Ẹnu ọ̀nà ni ìjà wà, níbi tí ètò ìṣirò owó náà ti ń bi script léèrè pé ta ló rán an wá. OAuth ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Mo ti ka àlàyé rẹ̀ lédè Yorùbá lóríṣiríṣi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà láti orí orúkọ tí wọ́n fún un.

Àwọn kan ní “ìfìdánimọ̀múlẹ̀” ni. Ẹnu á rẹ ẹni kó tó pè é tán, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu. Ká fìdí ìdánimọ̀ ẹnìkan múlẹ̀ ni pé ká rí i dájú pé òun gan-an nìyẹn: ó tẹ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, a wá gbà pé òun ni. Script kì í sọ pé òun ni yín. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀yin lẹ rán òun. “Èmi ni ọ̀gá” yàtọ̀ sí “ọ̀gá ló rán mi”, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti wá. “Auth” inú orúkọ náà ti gé kúrú, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló sì bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀: authentication, tí í ṣe mímọ ẹni, àti authorization, tí í ṣe fífún ni láṣẹ. Ẹni tí kò bá wo ìwé ìlànà á mú èyí tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ìwé ìlànà ọ̀hún sì wà níta gbangba. RFC 6749 ni, oṣù kẹwàá ọdún 2012 ló jáde, àkọlé rẹ̀ sì ti sọ tẹnu rẹ̀: The OAuth 2.0 Authorization Framework. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ohun tí yóò máa sọ ẹni tí òǹlò jẹ́, àfi kí wọ́n kọ́ nǹkan mìíràn lé e lórí. Òun ni OpenID Connect tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2014. Bí OAuth bá ti ń fìdí ìdánimọ̀ múlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n tún ń kọ́ lé e lórí sí?

Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń bí mi nínú jù, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn dùn létí. Wọ́n pe tókìnì, ohun tí script ń fi hàn kí wọ́n tó dá a lóhùn, ní “kọ́kọ́rọ́ àṣírí”. Kọ́kọ́rọ́ kì í wo aago. Kọ́kọ́rọ́ kì í béèrè bóyá ẹ fẹ́ kàwé inú yàrá ni tàbí ẹ fẹ́ kó o lọ. Bí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ti gba ilé nìyẹn. Ẹni tó bá fi ọkàn kọ́kọ́rọ́ kọ script, yóò tọ́jú tókìnì sínú fáìlì, yóò lọ sùn, ẹnu á sì yà á lọ́jọ́ kejì pé ilẹ̀kùn kò ṣí mọ́. Èyí tó tún wá burú jù ni pé client secret, ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ti script fúnra rẹ̀, wà nínú iṣẹ́ yìí kan náà, òun gan-an ló jọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Bí ẹ bá ti fi orúkọ rẹ̀ pe tókìnì, kí lẹ ó wá máa pe òun?

Àwọn tó ní “àmì” kò ṣìnà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹrù ọ̀rọ̀ yẹn ti pọ̀ jù: àmì ohùn, àmì ìbéèrè, àmì ẹ̀yẹ, àmì àìsàn. Ọ̀dọ̀ wọn sì ni mo ti rí “àmì ìtura” tí wọ́n ní refresh token ni. Ìtura! Bíi pé omi tútù ni sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá script lóhùn, fẹ́ bù fún script tó ti rẹ̀.

Tèmi rèé. Àṣẹ ìránṣẹ́ ni OAuth jẹ́. Ìwé àṣẹ ni access token, tókìnì tó ń ṣílẹ̀kùn. Ìwé ìpààrọ̀ ni refresh token, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀, ṣe lẹ mú un lọ, tí wọ́n fi ìwé àṣẹ tuntun pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Scope, ohun tí wọ́n gbà kí script ṣe, ni ààlà àṣẹ.

Wọ́n ti bá mi jà lórí èyí. Wọ́n ní “ìránṣẹ́” rẹlẹ̀ jù, ó ń múni rántí ọmọ ọ̀dọ̀. Kí wá ni script? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀gá, ẹni tó bá sì gbàgbé èyí ni yóò fún un láṣẹ kíkọ nígbà tó jẹ́ pé kíkà lásán ló wá kà. Wọ́n ní “àṣẹ” fì sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti àdúrà jù. Àwa tí a ń sọ pé ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lójoojúmọ́, ta ló ń ki ọfọ̀ sí i? Wọ́n ní “ìfàṣẹsí” ti wà nílẹ̀, kí ni mo tún ń wá kiri? Ìfàṣẹsí wà lóòótọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti délẹ̀ tán là ń fàṣẹ sí: àbá, orúkọ tí wọ́n fà kalẹ̀, ìwé àdéhùn. Kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀ tó ń lọ jẹ́ iṣẹ́ fún ni. Nínú OAuth, ẹni mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ dá lé: ẹni tó ni ìwé owó, ètò tó ń tọ́jú rẹ̀, àti script tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá gbé ẹni kẹta yẹn dání ti já ohun tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìkẹ́rù kan wò ó. Ọ̀gá fẹ́ rán ọmọṣẹ́ lọ ka iye ẹrù tó wà ní yàrá kan. Ó lè kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún un, ohun tí a ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá ń kọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ sínú script. Ọ̀gá tó gbọ́n á tọ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ fúnra rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó mọ ojú rẹ̀, á ní: “Ọmọ yìí, kó wọ yàrá kẹta, kó kà, kó má gbé nǹkan kan.” Ẹ̀ṣọ́ á kọ ìwé pélébé méjì fún ọmọ náà. Èkíní, tí í ṣe ìwé àṣẹ, ni yóò máa fi han àwọn tó wà lẹ́nu yàrá, kò sì ní pẹ́ kú. Èkejì, tí í ṣe ìwé ìpààrọ̀, kò ṣílẹ̀kùn kankan. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ nìkan ló wúlò, tí èkíní bá ti kú, yóò fi gba òmíràn láìjẹ́ pé ọ̀gá tún dìde wá. Bí ẹ̀ṣọ́ bá sì ti gba èkejì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, á gbà á pátápátá, á kọ tuntun fún un. Ọmọṣẹ́ tó bá ju tuntun yẹn nù, tó wá ń fi ògbólógbòó lọ̀ wọ́n, ìta ni yóò sùn.

Ibi tí script púpọ̀ ń kú sí gan-an nìyẹn. Ẹ wo Xero. Script ṣí ojú ìwé login.xero.com nínú bùráúsà, ó fi client_id (orúkọ tí Xero mọ script sí), redirect_uri (àdírẹ́sì tí wọ́n máa dá èsì padà sí), ààlà àṣẹ àti state (a ó dé orí rẹ̀) sínú líǹkì náà. Ẹ̀yin tẹ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ yín fún Xero, kì í ṣe fún script, ẹ yan ilé iṣẹ́ tó fẹ́ wò, ẹ tẹ “Allow access”. Xero dá kóòdù kan padà sí redirect_uri, ìṣẹ́jú 5 péré ló sì ń lò láyé. Script mú un tọ identity.xero.com/connect/token lọ, pẹ̀lú client_id àti secret, ó gba ìwé àṣẹ. Ìṣẹ́jú 30 ni ìwé àṣẹ Xero fi ń ṣiṣẹ́. Ti QuickBooks Online jẹ́ wákàtí kan. Ìwé ìpààrọ̀ Xero tí ẹ kò bá lò máa ń wà fún ọjọ́ 60, àmọ́ tí ẹ kò bá kọ offline_access mọ́ ààlà àṣẹ, wọn kò ní fún yín rárá. Wọn kò sì ní kìlọ̀. Gbogbo nǹkan á lọ geere fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà 401, ìyẹn ni pé wọn kò gba ìwé yín mọ́.

Ká ní ẹ kọ ọ́. Script ń ṣiṣẹ́ láràárọ̀. Ó lo ìwé ìpààrọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó gba ìwé àṣẹ tuntun, ó ka invoice, inú yín dùn. Láàárọ̀ kejì, Xero dáhùn pé invalid_grant, ìwé ìpààrọ̀ yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́ ní Xero. Ìdáhùn àárọ̀ àná gbé ìwé ìpààrọ̀ tuntun wá pẹ̀lú ìwé àṣẹ, script mú ìwé àṣẹ níbẹ̀, ó fi èkejì sílẹ̀, ó wá tún gbé ògbólógbòó inú fáìlì dé. Ìṣẹ́jú 30 ni Xero fi ń gba ògbólógbòó yẹn mọ́ra, bóyá ìdáhùn sọnù lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ó parí. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí script gbọ́dọ̀ ṣe bó bá ti gba ìdáhùn ni kó kọ ìwé ìpààrọ̀ tuntun sínú fáìlì, kó tó béèrè invoice ẹyọ kan. Bí script bá kú láàárín, kó kú lẹ́yìn tó ti kọ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí script méjì máa pín fáìlì kan náà lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á pààrọ̀, ìwé àná ló sì máa kù sí èkejì lọ́wọ́.

Redirect_uri gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn mu láìku ẹyọ lẹ́tà kan. Àmì “/” kan ṣoṣo ní ìparí tó láti lé yín padà. State jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò, tí ẹ fi ránṣẹ́ tí ẹ sì máa wò bó bá padà dé. PKCE (RFC 7636 ti ọdún 2015), ọ̀nà tí script fi ń fi hàn pé òun náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, wà fún script tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí secret kò lè pamọ́ sí. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyàtọ̀ sáfà tó ń kọ ìwé àti sáfà tó ń tọ́jú invoice, ẹ óò rí i fúnra yín nínú líǹkì.

Ohun kan tún wà tó ń ya ènìyàn lẹ́nu: ìwé àṣẹ sọ ẹni tó ránni, kò sọ ìwé owó tí ẹ fẹ́ ṣí, nítorí pé oníṣirò owó kan lè máa tọ́jú ti ilé iṣẹ́ mẹ́wàá. Xero ń fẹ́ Xero-tenant-id, nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́, lórí ìbéèrè tó kan ìwé owó, ẹ sì lè rí i gbà ní api.xero.com/connections. QuickBooks ń pe tirẹ̀ ní realmId, inú àdírẹ́sì ló máa ń wà.

Ọ̀rọ̀ “Bearer” tí ẹ ń kọ ṣáájú tókìnì, RFC 6750 ló ṣàlàyé rẹ̀: ẹni tó bá mú ìwé náà dání ni wọ́n máa dá lóhùn. Kò sẹ́ni tó máa béèrè orúkọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí fáìlì rẹ̀ bá kóòdù yín lọ sórí GitHub, àti ìdí tí ààlà àṣẹ fi gbọ́dọ̀ há. Iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́: ààlà kíkà nìkan tó fún script tó wá ka ìròyìn owó.

Àwọn alátakò mi máa ń fi ọ̀nà OAuth kan tí wọ́n ń pè ní client_credentials bú mi, nítorí pé kò sí ènìyàn tó ń tẹ “Allow” nígbà tí script bá ń gbàwé níbẹ̀. Lóòótọ́ ni, ìránṣẹ́ náà ń fi orúkọ ara rẹ̀ gba ìwé. Xero ń pè é ní Custom Connection, ẹ ó sanwó fún un, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń sìn, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà sì ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló wá rán an, bí kì í bá ṣe ẹni yẹn?

Bí ẹ bá fẹ́ dá ìránṣẹ́ dúró, ẹ má gbára lé yíyí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ padà. Script kò lò ó wọlé. Ẹ lọ sí Connected apps nínú Xero kí ẹ já a, tàbí kí script fúnra rẹ̀ fi ìwé ìpààrọ̀ ránṣẹ́ sí identity.xero.com/connect/revocation. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún sí ìwé tó lè fi pààrọ̀ mọ́, àfi kí ẹ padà síwájú bùráúsà, kí ẹ wọlé, kí ẹ sì tẹ “Allow access” lẹ́ẹ̀kan sí i.