Ṣé òótọ́ ni pé ọkàn tó ń ṣàìsàn máa ń hùwà bí ọkàn ọmọ inú oyún?

Ìbéèrè: Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí ọkàn bàbá mi wú. Ṣé jíìnì wọn ti yí padà nìyẹn?

Rárá o. Jíìnì tí wọ́n bí mọ́ wọn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Èyí tó yí padà ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Jíìnì tó ń ṣe purotéènì tó nǹkan bí 20,000 nínú sẹ́ẹ̀lì wa, àmọ́ kò sí sẹ́ẹ̀lì tó ń lo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rò ó bí àpótí aṣọ: tiwa ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òde tí a ń lọ ló máa sọ èyí tí a ó mú wọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ lo jíìnì kan, yóò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tí à ń pè ní RNA. Ẹ̀dà yìí ni àwọn onímọ̀ ń kà.

Ìbéèrè: Ibo wá ni ti ọmọ inú oyún ti wọlé?

Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, àwọn yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ ń ṣe èròjà méjì tí à ń pè ní ANP àti BNP dáadáa. Lẹ́yìn ìbí, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúró. Bí ìfúnpá bá wá ń fa iṣan ọkàn àgbàlagbà ju bó ti yẹ lọ, yóò tún padà sídìí iṣẹ́ àtijọ́ yẹn. Ohun méjèèjì ń jẹ́ kí a tọ omi àti iyọ̀ dànù, wọ́n sì ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. (Inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí BNP ní Japan lọ́dún 1988, kí wọ́n tó mọ̀ pé ọkàn gan-an ló ń ṣe é jù.)

MYH6 àti MYH7, jíìnì méjì tó ń ṣe purotéènì tó ń mú iṣan ọkàn fà, náà wà níbẹ̀. Purotéènì ti MYH6 ń mú kí iṣan fà kíákíá; ti MYH7 lọ́ra, ṣùgbọ́n agbára díẹ̀ ló ń jẹ. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 1997 fi hàn pé nínú ọkàn tí kò ṣàìsàn, MYH6 ló ni nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ẹ̀dà RNA àwọn méjèèjì. Nínú ọkàn tó ti rẹ̀, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 2. Lójú tèmi, ọkàn ń gba ara rẹ̀ là ni. Pípẹ́ tó ń pẹ́ ló ń sọ ọ́ di wàhálà.

Ìbéèrè: Ta ló máa gbà kí wọ́n gé ọkàn òun wò?

Bí wọ́n bá pààrọ̀ ọkàn ẹnì kan, èyí tí wọ́n yọ ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n á gé ẹran díẹ̀ kúrò ní ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ọkàn kí ọ̀pá ẹ̀rọ náà lè wọlé. Kíá ni wọ́n ń sọ ẹran yẹn sínú náítírójìn olómi, torí RNA kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ọkàn tí kò ṣàìsàn tí wọ́n máa fi wé e ló ṣòroó rí. Èyí tí olóògbé fi tọrẹ, tí wọn kò rí lò fún aláìsàn, ni wọ́n sábà máa ń lò. Òmíràn tún ni pé àpá máa ń pọ̀ nínú ọkàn tó wú: bí jíìnì àpá bá pọ̀ sí i, ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àpá ló kàn pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ sẹ́ẹ̀lì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn tóbi ju ihò ẹ̀rọ tó ń ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ lọ, nítorí náà àárín rẹ̀ tí jíìnì wà nìkan ni wọ́n ń yọ.

Ìbéèrè: Kí ni èyí máa ṣe fún bàbá mi?

Wọn kò ní gé ọkàn wọn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fà láti wo NT-proBNP, èyí tó ń já kúrò lára BNP nígbà tí ọkàn bá ń ṣe é. Bí wọn kò bá lè mí délẹ̀, tí iye rẹ̀ sì kéré, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọkàn ló fà á. Àmọ́ kíndìnrín tó ń ṣàìsàn lè gbé e sókè, ó sì lè kéré lára ẹni tó sanra púpọ̀ bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ ti rẹ̀. Bí dókítà bá tún ní kí wọ́n lọ ya àwòrán ọkàn lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe owó ló ń wá.