Ìka ni búrẹ́kì ọkọ̀ inú kòtò

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọkọ̀ inú kòtò (slot car), ọkọ̀ ìṣeré oníná tí wọ́n ń fi sáré lójú ọ̀nà kékeré tó ní kòtò, ní pálọ̀ kan ní Ìkòròdú á rẹ́rìn-ín: ọkọ̀ ìṣeré ti há sínú kòtò tín-ín-rín, ibo ló tún fẹ́ yà sí? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí àwọn tó ń fi í sáré nínú. Imú ọkọ̀ nìkan ni kòtò dì mú. Ìdí rẹ̀ kò so mọ́ ibì kankan. Bó bá wọ kọ́nà ní eré àsápajúdé, ìdí á gbá imú yọ, ẹ̀dà kékeré ọkọ̀ eré ìje Ford GT40 tí wọ́n fara balẹ̀ kùn á di ohun tí wọ́n ń wá lábẹ́ àga.

Ìyókù kò le. Irin méjì tẹ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, wáyà bàbà abẹ́ ọkọ̀ ń fara ra á, ìka tó ń fa kọntrólà ló ń sọ bí iná tó dé ẹ́ńjìnnì ṣe máa pọ̀ tó.

Búrẹ́kì gan-an ni ọpọlọ wà. Kò sí páàdì, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí ìka bá tú kọntrólà sílẹ̀, kì í ṣe pé iná kàn já: kọntrólà á so ẹnu wáyà ẹ́ńjìnnì méjèèjì pọ̀. Táyà ṣì ń yí, òun ló wá ń yí ẹ́ńjìnnì báyìí, ẹ́ńjìnnì sì di jẹnẹrétọ̀. Ará Ìkòròdú mọ èyí láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń dún lẹ́yìnkùlé, ẹnìkan wá ki fíríìjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì: ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á máa kérora bí ẹni ru àpò sìmẹ́ǹtì. Kí ọmọ kan tún lọ so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ó kú nìyẹn, gbogbo ilé á máa bèèrè ẹni tó ṣe é. Fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà ni ìka tó tú sílẹ̀ yẹn: ẹrù ńlá ló gbé ka ẹ́ńjìnnì, òun ló ń dá táyà dúró.

Scalextric, ọkọ̀ inú kòtò tí Fred Francis gbé jáde ní Ìlú Ọba ní 1957 kò ní òòfà. Ti òde òní ní in lábẹ́, kó lè di irin ojú ọ̀nà mú. Ọmọdé gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ẹ̀dà ọkọ̀ àtijọ́ bíi Porsche 917 jọ máa ń yọ ọ́ dànù. Ó wá ku táyà nìkan, eruku ọyẹ́ ò sì mọ̀ pé eré ń lọ. Kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n á yí táyà lórí sẹ́lótéèpù, wọ́n á tún un yí, títí téèpù ò fi ní dọ̀tí mọ́.