Kí Ni Oògùn Náà Ń Bá Yín Ṣe?

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún, ìbéèrè kan wà tí àwọn ẹbí kì í lè pa mọ́ra títí tí n ó fi jókòó: "Kí ló dé tó o fi ń ba ayé ara rẹ jẹ́ báyìí?" Ẹni tí wọ́n ń bi kì í sábà ní èsì. Yóò sorí kọ́, yóò máa fi èékánná ha ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sì bá a dáhùn pé ẹgbẹ́ búburú ni. Ìgbà tí wọ́n bá jáde tán ni èmi máa ń béèrè tèmi: kí ni oògùn náà ń bá yín ṣe? N kì í béèrè bóyá ó dára, nítorí ìyẹn ti yé àwa méjèèjì. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni mo fẹ́ mọ̀, kí n lè mọ iṣẹ́ tí yóò kù nílẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Awakọ̀ kan tí wọ́n mú wá sọ́dọ̀ wa ló jẹ́ kí n pinnu láti kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti gbà kí n sọ ọ́, mo sì ti yí ohun tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀ padà. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Tírámádọ̀, oògùn apàrora kan, ni wọ́n torí rẹ̀ mú un wá, èyí tí wọ́n ń pè ní 225 ní gáréèjì, bẹ́ẹ̀ èyí tí dókítà ń kọ fún aláìsàn kì í sábà ju 50 tàbí 100 mílígíráàmù lọ lẹ́ẹ̀kan. Àga méjì ló wà nínú yàrá tí mo ti ń gba àlejò. Èyí tó sún mọ́ tábìlì mi ni gbogbo ènìyàn máa ń jókòó sí, ṣùgbọ́n òun gbé èkejì lọ sí ìdí ògiri, ó fẹ̀yìn tì í, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí garawa bọ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin yìí ti wà lórí ìdúró kí ariwo náà tó yé mi.

Mo bi í ní ìbéèrè mi. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Màmá, tí mo bá ti lò ó, mi ò ní gbọ́ òórùn yẹn mọ́."

Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni tánkà epo kan ṣubú níwájú rẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gbiná, tí iná náà sì ran bọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wà á. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ilé dúpẹ́ pé kò fara pa, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ sì parí lójú wọn. Ohun tí kò parí ni òórùn bẹntiróòlù. Awakọ̀ ni, ó sì di dandan kó wọ iléepo ní kùtùkùtù ojoojúmọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n lórí sítíárì, kí òógùn máa bò ó lójú àwọn tó ń ta epo. Ní ọjọ́ kan, ẹnìkan ní gáréèjì fún un ní hóró tábúlẹ́ẹ̀tì kan. Ó ra epo ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà kan wà nínú ọpọlọ wa tí ó jẹ́ pé ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́nà fún ewu. Bó bá ti fura, yóò ránṣẹ́ sí ara kí ọkàn máa lù kìkì, kí iṣan le, kí ojú là kedere, kí ènìyàn lè jà tàbí kó sá. Nígbà tí ewu bá kọjá, ó yẹ kí ẹ̀yà náà rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun tí ènìyàn rí bá kọjá agbára rẹ̀, tàbí tí ó jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòrèkóòrè, bíi ti ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́ tàbí ọmọbìnrin tí àbúrò bàbá rẹ̀ ń wọlé tọ̀ lóru, aṣọ́nà náà kì í rọ̀ mọ́. Ó dà bí ọdẹ àdúgbò tí olè ti jà lójú rẹ̀ rí, tó wá ń fọn fèrè sí ológbò tó bá kọjá lórí ògiri. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ohun tí wọn kò fi kún un ni bí ó ti ń rẹ ènìyàn tó láti máa sá fún ekòló láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ẹni tó bá wà nínú irú àárẹ̀ yìí kò nílò ẹgbẹ́ búburú kó tó mọ adùn oògùn. Tírámádọ̀ wà nínú ìdílé oògùn kan náà pẹ̀lú mọ́fíìnì àti kodéènì, àwọn wọ̀nyí sì máa ń mú ìrora ara àti ìrora ọkàn rọlẹ̀ pọ̀. Èyí tó tún wá jẹ́ kí tírámádọ̀ gbilẹ̀ láàárín awakọ̀ àti alágbàṣe ni pé ó ń fún ènìyàn lókun fún ìgbà díẹ̀. Ọtí máa ń fa ènìyàn sùn, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ kì í tọ́jọ́: láago méjì tàbí mẹ́ta òru, nígbà tí agbára ọtí bá ń lọ, oorun yóò dá, àlá burúkú yóò sì wọlé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìgbó ní tirẹ̀ máa ń dín àlá kù. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọkùnrin kan fi ń sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ tí àwọn dá ìgbó dúró ni àlá náà padà dé, tí ìyá wọn sì gbà pé àwọn ayé ló tún ń bá ọmọ wọn jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyẹn, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta ni ìtọ́jú púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wàhálà wà. Ara ń gbọ̀n, inú ń ṣí, imú ń ṣomi, ènìyàn kò lè sùn, a sì ń fún un ní oògùn tó yẹ. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá tàbí kẹrìnlá, ojú ti wálẹ̀, ó ti ń jẹ ẹ̀bà, ó ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Ẹbí yóò dé, wọ́n á ní ó ti gbádùn, ẹ jẹ́ kó máa bá wa lọ. Àwọn ilé ìtọ́jú kan sì wà tó jẹ́ pé lójú wọn, bí oògùn bá ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni ohun tí oògùn bò mọ́lẹ̀ ń jí. Òórùn ti padà. Àlá ti padà. Ẹni tí kò sunkún láti ọdún méjì yóò bú sẹ́kún nítorí pé wọ́n gbé oúnjẹ pẹ́, ojú yóò sì tì í. Bí kò bá sí ẹni tó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé èyí ń bọ̀, yóò gbà pé orí òun ti dàrú, yóò sì wá ohun tó mọ̀ pé ó ń bá òun ṣe é kíákíá. A ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Kì í ṣe èmi ni mo dá èrò yìí sílẹ̀. Láàárín 1980 sí 1989, dókítà kan tó ń jẹ́ Vincent Felitti ń bójú tó ètò ìmúsanradínkù kan ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣàkíyèsí ohun tó yà á lẹ́nu: àwọn tí ara wọn ń fọn dáadáa gan-an ni wọ́n ń sá kúrò nínú ètò náà. Nígbà tó bá wọn jókòó, ó rí i pé wọ́n ti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn lò pọ̀ tipátipá nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àti pé sísanra náà jẹ́ ààbò fún wọn. Ohun tí òun ń pè ní àìsàn ni àwọn fi ń gbé ayé. Láti ibẹ̀ ni òun àti dókítà mìíràn, Robert Anda, ti ṣe ìwádìí láàárín ọdún 1995 sí 1997 lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 17,000, èyí tí àbájáde rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1998. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn nípa ìlùkulù, ìfipábánilòpọ̀, ìyá tí wọ́n ń nà lójú ọmọ, ẹni tó ń mutí lámujù nínú ilé, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kan mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwọ̀nyí, ewu pé ọtí tàbí oògùn yóò di bárakú fún un, tàbí pé yóò rẹ̀wẹ̀sì dé ibi tí yóò ti gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, fi ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá ju ti ẹni tí kò kan rárá.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo ni ó ń lo oògùn; ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìpayà máa ń kúrò lára wọn láàárín oṣù kan, pàápàá tí wọ́n bá ní ẹni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó pọ̀ nílẹ̀ ni, ó sì pọ̀ nílẹ̀ lóòótọ́: ìwádìí àpapọ̀ tí wọ́n ṣe lórí ìlò oògùn ní Nàìjíríà, tí wọ́n gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, fi hàn pé nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, àti pé ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù níbí, ó tó 22.4. Ìwádìí kan náà sọ pé ẹnìkan nínú mẹ́rin tó ń lò ó jẹ́ obìnrin. N kì í rí wọn tó bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ojú ń tì wọ́n, ọtí inú yàrá kì í sì í hàn sí aládùúgbò.

Kí ni ẹni tó ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wá lè ṣe? Èkíní, ẹ má fi ipá béèrè ìtàn. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ènìyàn láti sọ pé "Sọ ọ́ síta kó lè kúrò níkùn rẹ," ṣùgbọ́n ẹni tí a fipá mú sọ ọ́ yóò tún rí i bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ni, alẹ́ ọjọ́ náà sì ni yóò wá oògùn lọ. Nítorí ìdí yìí kan náà, n kì í fẹ́ kí wọ́n tètè gbé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ìtàn náà yóò jáde lọ́jọ́ tó bá rí i pé ibi tí òun wà kò ní ewu, ẹni tí yóò sì tọ́jú ọgbẹ́ inú rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, a gbà pé kí ènìyàn fi oògùn sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí a tó fọwọ́ kan ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀. Èrò náà ti ń yí padà báyìí. A ti rí i pé a lè tọ́jú méjèèjì pọ̀.

Ohun tí ẹbí lè ṣe kò ju nǹkan kéékèèké lọ. Ẹ má yọ́ wá sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Bó bá fẹ́ tan iná sùn, ẹ jẹ́ kó tàn án. Bí ìpayà bá mú un lójijì, tí ojú rẹ̀ ń wo ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ẹ má dì í mú. Ẹ rọra pè é lórúkọ, ẹ fún un ní ife omi tútù kó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì bi í pé ọjọ́ wo ni òní, níbo la wà yìí. Ìyá awakọ̀ yìí ló kọ́ èyí dáadáa jù lọ. Ó fi oríkì ọmọ rẹ̀ kún un, èyí tí n kò kọ́ ọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju omi lọ.

Ohun tí n kò ní fi bò ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ẹgba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Ọ̀jọ́ọ̀, n'Ìbàdàn, tí ẹbí fúnra wọn ti kó púpọ̀ nínú wọn lọ fún àtúnṣe ìwà. Ẹni tí ẹ̀rù ló sọ di olóògùn, tí a wá dè mọ́lẹ̀ tí a ń nà, ẹ̀rù tuntun la kì bọ̀ ọ́ lára. Ẹ sì wò ó, ọ̀nà mìíràn ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Ní 1954, ní Àrò l'Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò tí aláìsàn fi ń gbé ní abúlé lọ́dọ̀ àwọn ará àdúgbò, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń wá gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Orí àìsàn ọpọlọ ni ètò yẹn dá lé, kì í ṣe orí oògùn olóró, ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn nípa ààbò àti ẹbí kan tiwa náà.

Ìkìlọ̀ méjì tó jẹ́ ti ẹ̀mí. Ẹni tó ń mutí líle lójoojúmọ́, tàbí tó ń lo oògùn oorun bíi fálíọ̀mù fún ìgbà pípẹ́, kò gbọ́dọ̀ já a lójijì nínú ilé, nítorí pé ó lè fa gìrì, ó sì lè pa á. Ọsibítù ni kó ti ṣe é. Èkejì ni pé ẹni tó ti fi tírámádọ̀ tàbí kodéènì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Bó bá kọsẹ̀, tó sì lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó lè sùn kó má jí.

Awakọ̀ wa kọsẹ̀ ní oṣù keje, lẹ́yìn tí ẹnìkan fi fídíò tánkà mìíràn tó gbiná ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ní hóró kan ṣoṣo ni òun lò, mo ní kó má wakọ̀ lọ́jọ́ náà, kó máa bọ̀. A kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Báyìí, ó ń wa takisí láàárín ìgboro, àbúrò rẹ̀ ló sì ń bá a gbé ọkọ̀ lọ ra epo ní alaalẹ́. Láti oṣù tó kọjá, òun náà ti ń tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ, yóò jókòó sínú ọkọ̀, yóò sì ti gíláàsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ gíláàsì kan kalẹ̀ díẹ̀. Kò tíì gba márosẹ̀, n kò sì tíì ní kó gbà á.