Osùn Ló Ṣáájú: Ibi Tí Ìtọ́tè Ìyàwó Ti Wá l'Ékòó

Tẹ́ ẹ bá bi àwọn tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù ìyàwó ní Súrùlérè àbí Ìsàlẹ̀ Èkó pé ibo ni ìtọ́tè, ìyẹn líísítíìkì, ti wá, wọ́n á ní òyìnbó ló gbé e dé. Mi ò gbà o. Líísítíìkì inú páìpù yẹn lòyìnbó gbé dé, àmọ́ kí ìyàwó pọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tiwa ni, ọ̀dọ̀ osùn la sì ti kọ́ ọ.

Inú igi ni osùn ti ń wá. Wọ́n á rọra lọ igi yẹn lórí ọlọ, wọ́n á máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi kúnná, wọ́n á wá pò ó mọ́ òrí tàbí àdí kó lè di ara mú. Ìyàwó tuntun ni wọ́n ń kùn ún fún, ìyá ìkókó náà, ìkókó fúnra ẹ̀ náà, torí ẹni tó bá rí pupa yẹn á ti mọ̀ pé nǹkan ayọ̀ ti wọlé yìí. Wàyí o, ìyá tí osùn ti kún ọwọ́ ẹ̀, tó ń kun ọmọ ẹ̀ láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣé ó máa wá fo ètè ni? Tèmi ni pé kò ní fò ó láyé. Kódà ẹ wo àwọn orí bàbà tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ lọ́dún 1938, wọ́n bá àmì ọ̀dà pupa àti dúdú lára àwọn kan nínú wọn, ìyẹn ni pé àwọn baba wa ti mọ ohun tí pupa ń ṣe lára èèyàn tipẹ́tipẹ́, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí Èkó.

Obì náà ńkọ́? Ìdána wo ni wọ́n ń ṣe tí ò ní sí obì níbẹ̀? Ẹ bu gbànja jẹ, ẹ rún un dáadáa, kẹ́ ẹ wá wo dígí: itọ́ á ti yípadà, eyín á ti gba àwọ̀, etí ètè lápá inú á ti pọ́n rúsúrúsú. Agége tiwa níbí, láyé ìjọba àmúnisìn, gbànja pọ̀ lóko débi pé rélùwéè ló ń kó o lọ s'ókè Ọya. Èmi ò rò pé obìnrin tó ń jẹ obì láàárọ̀ lálẹ́ ò kíyè sí ohun tó ń ṣe fún ètè òun.

Àwọn kan á ní àwọn Sàró Olówógbowó, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wá, ló mú un wá pẹ̀lú ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì. Báwo? Láyé Ọbabìnrin Victoria, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò ka obìnrin tó kun ètè sí ọmọlúàbí, kí ni pásítọ̀ ibẹ̀ fẹ́ fi kọ́ ìyàwó Sàró? Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé náà ńkọ́? Wọ́n mọ ilé kọ́, wọ́n mọ aṣọ rán, ó parí síbẹ̀.

Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ lọ́fínńdà Guerlain ti ń ta ìtọ́tè ti ẹ̀ ní Paris ní nǹkan bí ọdún 1870, Maurice Levy sì sọ ọ́ sínú páìpù onírin l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 1915. Lẹ́yìn osùn náà ni gbogbo ẹ̀.

Tòde òní ò gùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Tara Fela-Durotoye dá House of Tara, ilé iṣẹ́ mékọ́ọ̀pù, sílẹ̀ lọ́dún 1998, mékọ́ọ̀pù ìyàwó wá di iṣẹ́ gidi, mátì, ìyẹn ìtọ́tè tí kì í dán, wọlé dé torí òógùn Èkó àti torí kó má baà ta sára gáùn funfun. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ìyàwó tó bá fẹ́ wé gèlè àlàárì, aṣọ òkè pupa nì, fún ìdána, pupa tó jinlẹ̀ ló máa mú. Tó bá jẹ́ sányán ni, á wá búráùn. Ìgbà tó bá kan gáùn ló tó ń wá èyí tó rọ̀ díẹ̀. Ní Balógun, ẹ máa rí wọn tí wọ́n á kùn ún sẹ́yìn ọwọ́, wọ́n á jáde kúrò lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù bọ́ sínú oòrùn, wọ́n á gbé aṣọ òkè tì í, tí kò bá bá a mu, wọ́n á nu ún kúrò, wọ́n á ní kí ìyá ọlọ́jà mú òmíì wá. Aṣọ òkè ló ń yan ìtọ́tè fún wọn, kì í ṣe páìpù Paris.