Bí owó obì ṣe ń rìn láti Ṣàgámù dé òkè Ọya

Tí èèyàn bá dé Sábó ní Ṣàgámù lásìkò tí obì bá jáde dáadáa, agbọ̀n àti àpò gbànja ló máa kọ́kọ́ rí, àwọn tó ń ṣà á, àwọn tó ń kà á, àti àwọn oníṣòwò Hausa tó ń dúró kí ọkọ̀ kún. Kò sí ọ́fíìsì kankan tó ń sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà á. Síbẹ̀ obì yẹn á dé Kánò, ìrìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kìlómítà, á sì bá àwọn tó ń wá a níbẹ̀.

Iye owó ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí obì bá wọ́n ní Kánò, àwọn tó fẹ́ rà á níbẹ̀ á fowó lé e, ẹni tó ń tà á á pe ẹnìkejì ẹ̀ ní Sábó lórí fóònù pé kó tètè rà sí i, ìyẹn náà á fowó lé tiẹ̀ kí àwọn alájàpá má baà gbé obì wọn fún ẹlòmíì, alájàpá á gba inú oko lọ, àgbẹ̀ kan ní abúlé Rẹ́mọ tí ò dé òkè Ọya rí ní ayé ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká èyí tó ti fẹ́ fi sílẹ̀ lórí igi. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní Kánò, owó tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ti sọ gbogbo ẹ̀.

Bí obì gbànja ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá gan-an nìyẹn. Láti ìlú tí à ń pè ní Gánà lónìí ni wọ́n ti ń kó o wá sí Èkó, kí wọ́n tó kó o lọ sókè. Rélùwéè wọ Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912, àwọn àgbẹ̀ rí iye tó ń tà, wọ́n túbọ̀ ń gbìn ín ní Agége, ní Rẹ́mọ, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Wàyí o, àwọn èèyàn máa ń bú ẹni tó bá ra obì pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó máa bó o, ó máa rẹ ẹ́ kí awọ funfun ara ẹ̀ lè bọ́, ó máa fọ̀ ọ́, ó máa jẹ́ kómi gbẹ, ó máa fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, ó máa wá máa yẹ̀ ẹ́ wò nítorí kòkòrò. Tó bá tọ́jú ẹ̀ re, ó lè wà fún oṣù púpọ̀. Nígbà tí obì pọ̀ tó ń tà pọ̀ọ́kú, rírà tó ń rà ni kì í jẹ́ kí owó àgbẹ̀ wólẹ̀ pátápátá, nígbà tí igi ò bá sì so mọ́, òun ló ní nǹkan tó máa tà. Tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, tàbí tówó ò lọ sókè, òun ló jẹ gbèsè, kò sẹ́ni tó máa bá a dá a padà.

Ẹ fi èyí wé kòkó. Láti 1947 ni bọ́ọ̀dù, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ti wà, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní 1954. Bọ́ọ̀dù á kéde iye kan fún gbogbo sáà, tí kòkó bá wá wọ́n lókè òkun, èlé yẹn di tìjọba. Lóòótọ́ wọ́n fi owó yẹn ṣe nǹkan, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ purọ́ pé wọn ò ṣe é, ṣùgbọ́n ìròyìn ọjà ò dé oko mọ́, àgbẹ̀ ò mọ̀ bóyá kóun gbìn sí i tàbí kóun dúró. Ìbínú nípa owó orí àti iye kòkó wà nínú ohun tó bí Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà, ní 1968. Wọ́n tú bọ́ọ̀dù ká ní 1986, iye tí àgbẹ̀ ń gbà sì fò sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà náà ń já wálẹ̀ nígbà yẹn.

Ọjà tó ṣí sílẹ̀ nìkan ò tó ṣá. Igi obì lè lo bí ọdún 5 sí 7 kó tó so, ta ló máa gbìn ín sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Ìdí nìyẹn tí onílẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó ilẹ̀ tó yá dáko, gbin igi tó máa ń pẹ́ lórí ilẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti gbin igi ti fẹ́ẹ̀ di onílẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé tún wà ńbẹ̀, torí àwìn pọ̀ nínú òwò obì, iṣẹ́ tí àwọn pàrakòyí, àwọn olóyè ọjà, sì ń ṣe láyé àtijọ́ ni pé kí ẹni tó bá jẹ owó ọjà má lè sá lọ.

Ọ̀nà ló wá kù. Àwọn Ìjẹ̀bú àtijọ́ ti ọ̀nà pa, wọn ò jẹ́ kí ará òkè dé Èkó fúnra ẹ̀, àwọn ló ń jẹ èrè àárín, títí di ogun Ìmàgbọn ní 1892 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣí i, èyí tí a ò lè pè ní òmìnira. Lónìí bodè ti di owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lójú títì, ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, kí ọkọ̀ obì tó dé Kánò. Ẹni tó ń ra ẹyọ obì kan níbẹ̀ ń san díẹ̀ nínú owó yẹn. Àgbẹ̀ tó wà nínú oko ní Rẹ́mọ ló ń san ìyókù, torí alájàpá ti yọ ọ́ kúrò nínú iye tó dá fún un kó tó débẹ̀.